Kí Ẹ Tó Gba Kóòdù Gbọ́, Ẹ Bi Brain Box Ní Orúkọ Rẹ̀

Iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Tánkè tàbí Gáà-Àkànbí ní Ìlọrin, wọ́n ki síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́tò, bọ abẹ́ sítíárì, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní, "Àlùhájì, P0171 ni. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn yín ti lọ." Ẹ ra sẹ́ńsọ̀, wọ́n bá yín dè é, wọ́n pa iná náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó tún tàn.

P0171 kò dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kankan. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì, tó bẹ́ẹ̀ tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ò lè bá a tún un ṣe mọ́. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé lè ti là. Sẹ́ńsọ̀ MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, lè ti dọ̀tí. Pọ́ǹpù epo lè ti rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló kàn mú ìròyìn wá.

Ẹ̀rí ni kóòdù. Adájọ́ kì í sì í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì dárúkọ ara rẹ̀. Nínú síkánà tó dára, ojú ewé kan wà tí brain box ti ń sọ ẹni tí òun jẹ́: nọ́ńbà ṣáásì tó mọ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń ta á, irú sọ́fúwià tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ ní "ECU Information", "Module Information", "Version Information" tàbí "Vehicle Information". Ojú ewé yìí ni wọ́n máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè gba owó yín là, pàápàá bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ ń gùn.

Mọ́tò kan, brain box púpọ̀

Bí àwọn mẹkáníìkì wa bá ní "brain box", èyí tó ń darí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń sọ. Síkánà á kọ ọ́ ní ECM tàbí PCM. Kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀. Gíà ọtọmátíìkì sábà máa ń ní tirẹ̀, TCM. Bíréèkì ní ABS. Airbag ní SRS. Iná, wáípà àti ilẹ̀kùn wà lábẹ́ BCM. Dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń wò yẹn náà, brain box ni. Mọ́tò Jámánì olówó ńlá lè ní ju ogún lọ. Nínú mọ́tò òde òní, orí wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní CAN, ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Òfin OBD-II tí Amẹ́ríkà fi de mọ́tò láti ọdún 1996, tí Yúróòpù náà ṣe irú rẹ̀ fún mọ́tò tó ń lo pẹtiróòlù ní 2001 àti ti dísù ní 2004, nítorí èéfín ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tó pa láṣẹ ni pé kí síkánà ẹnikẹ́ni lè ka brain box tọ́rọ̀ èéfín kàn, ìyẹn ti ẹ́ńjìnnì àti gíà. Kò fi dandan lé e pé kí ABS, airbag tàbí ilẹ̀kùn dá síkánà gbogboogbò lóhùn. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò nìyẹn wà, ọ̀nà tó wù wọ́n ni wọ́n sì ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ELM327 kékeré tí wọ́n ń so mọ́ fóònù fi lè ka P0420, kóòdù èéfín, láì rí ABS tí iná rẹ̀ ń tàn gedegbe níwájú yín. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ibi tí òfin mú un dé ló dúró sí. Nítorí náà, bí ẹni tó síkáànì mọ́tò bá ní "kò sí wàhálà kankan níbẹ̀", ẹ bi í pé brain box mélòó ni ẹ̀rọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ojú ewé ìdánimọ̀ gbogbo wọn nílò síkánà tó ń wọ gbogbo ibi, bíi Launch X431 tàbí Autel MaxiSys, tàbí èyí tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo: Techstream fún Toyota àti Lexus, VCDS fún Volkswagen àti Audi. Bó bá ṣe pé nọ́ńbà ṣáásì inú brain box ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, ELM327 tó dára pẹ̀lú áàpù orí fóònù ti tó. Ẹni tó ń lo iPhone kó má ra oníBluetooth àtijọ́. Wi-Fi tàbí Bluetooth LE ni iPhone máa gbà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú tó kún ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ gbogbo èdè tí mọ́tò àtijọ́ ń sọ. Ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà tó fi dandan lé CAN. Mọ́tò tó ṣáájú ìgbà náà lè máa gba ihò 7 nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ki síkánà bọ̀ sọ̀rọ̀, Ford àtijọ́ sì ń lo ihò 2 àti 10. Ayédèrú á kàn kọ "unable to connect", ẹ̀yin á sì rò pé mọ́tò ló ní àrùn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16

Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí sítíárì, ló máa ń wà, ihò mẹ́jọ lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀. Ihò 16 ń gba iná tààrà láti ara bátìrì. Ihò 4 àti 5 jẹ́ áàsì (earth). Ihò 6 àti 14 ni wáyà CAN méjèèjì.

Bí síkánà kò bá tan iná rárá, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ brain box. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, fíúùsì kan náà ló ń fún sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí àti ibi tí wọ́n ti ń ki ṣájà fóònù bọ̀ ní iná, ṣájà tí kò dáa sì máa ń jó o. Ẹ fi mítà sáàárín ihò 16 àti 4: iye fóltì bátìrì ló yẹ kó hàn. Bí kò bá hàn, àmọ́ tó hàn nígbà tí ẹ gbé ọwọ́ dúdú mítà lọ sára irin mọ́tò, wáyà áàsì ló já. Bó bá ṣe pé kò hàn níbi méjèèjì, fíúùsì ni kí ẹ wá lọ.

Nítorí pé ihò 16 kì í kú, ẹ má fi ELM327 sílẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́. Bó bá jẹ́ mọ́tò tí ẹ kì í gbé jáde ju ọjọ́ Jímọ̀ lọ, ẹ lè bá bátìrì tó ti kú.

Bí ẹ ṣe máa kà á

Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Èyí tó kún, tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6. Bó bá ti wá sí 12.2, ó ti tán dé ìdajì. Gbogbo àkókò tí kọ́kọ́rọ́ bá fi wà ní ON láìsí pé ẹ́ńjìnnì ń yí, bátìrì nìkan ló ń bọ́ gbogbo wọn. Brain box tí iná rẹ̀ kò tó á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò rí: kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U, ìyẹn ti pé brain box kan kò gbúròó òmíràn, á tò lọ rẹrẹ, P0562, ti pé fóltì kò tó, á yọjú, ABS á dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kò ní dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bá bátìrì náà ṣájì ná. Púpọ̀ nínú kóòdù wọ̀nyẹn kò ní padà wá.

Ẹ pa AC, rédíò àti iná iwájú. Ẹ ki síkánà bọ ihò nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní pípa, kí ẹ wá yí i sí ON títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á fi tàn, ṣùgbọ́n ẹ má sitáátì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oníbọ́tìnì, ẹ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì láì fẹsẹ̀ kan bíréèkì.

Síkánà á béèrè irú mọ́tò tó jẹ́. Bó bá ní "Auto VIN", ẹ jẹ́ kó gbìyànjú. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ yàn án fúnra yín, ẹ yan ọjà tí wọ́n ṣe mọ́tò náà fún, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan. Corolla tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà àti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù jọra lójú, síbẹ̀ brain box wọn lè yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣì í yàn, síkánà á ní brain box kan kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Tàbí kó ka iye kan kó fi orúkọ mìíràn pè é.

Ẹ wá jẹ́ kó bi gbogbo brain box léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá parí, ẹ fi pamọ́ tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan "Erase". A ò lè tẹnu mọ́ èyí tó. Bí ẹ bá pa kóòdù, freeze frame náà á bá a lọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń yára yí tó àti eré tí mọ́tò ń sá nígbà tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Òun ni mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wọ brain box kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣí ojú ewé ìdánimọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ

VIN ni nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Kò sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá, kí wọ́n má baà jọ 1 àti 0. Ẹni tó bá kọ O fún yín nínú ìwé mọ́tò, òdo ni, tàbí kó jẹ́ pé ó ṣì í kọ. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, W ni Jámánì, K ni Korea, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. Corolla tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, Kánádà ni wọ́n ti tò ó. Camry tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, Amẹ́ríkà ni. Nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ni ọdún: 3 jẹ́ 2003, 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, C jẹ́ 2012, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń pe mọ́tò 2007 ní 2009 fún yín.

Ẹ ka VIN inú brain box ẹ́ńjìnnì, ẹ fi wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára irin ẹnu ọ̀nà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó dáa. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ má pariwo olè síta. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, brain box ti kú rí, wọ́n sì ra Belgium, ìyẹn àlòkù, ní Táíwò Ìsàlẹ̀ tàbí níbòmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀, VIN mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń ta á ni ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀: ṣé omi ló wọ̀ ọ́ ni, àbí ìjàǹbá? Bó bá ṣe pé VIN ẹ́ńjìnnì, ABS àti airbag yàtọ̀ síra lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mọ́tò tí wọ́n fi èyí tó kú méjì tàbí mẹ́ta tò ni ẹ dúró tì yẹn. Nígbà míì ẹ máa bá ibẹ̀ lófìfo tàbí kó kún fún òdo. Ó lè jẹ́ tuntun tí wọn kò kọ VIN sí nígbà tí wọ́n dè é. Kóòdù P0630 sì lè bá a rìn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ṣáájú 2005 kì í sọ VIN rárá, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Part number ni orúkọ tí wọ́n fi ń rà á. Fún Toyota, brain box ẹ́ńjìnnì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, ti airbag pẹ̀lú 89170. Honda ń lo 37820 fún ti ẹ́ńjìnnì. Volkswagen ń fi nọ́ńbà àárín sọ ọ́: 906 fún ẹ́ńjìnnì, 614 fún ABS, 920 fún dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, Calibration ID (orúkọ sọ́fúwià) nìkan ni síkánà máa fi hàn, nọ́ńbà 89661 á wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra Belgium, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 89661 náà gbọ́dọ̀ bára mu. "Ti Corolla ni" kò tó. Ti gíà ọtọmátíìkì àti ti gíà ọwọ́ yàtọ̀, ti California sì lè yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí òfin èéfín wọn.

Fún Corolla àti Matrix 2005 sí 2008, ìlà yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí fún mọ́tò mìíràn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nítorí brain box ẹ́ńjìnnì wọn: ojú ibi tí wọ́n jó léèdì sí lórí pátákó inú rẹ̀ lè sán. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn, gíà tó ń já wọlé, mọ́tò tí kò sitáátì, tàbí ẹ́ńjìnnì tó kú lójú ọ̀nà. Irú Corolla yìí pọ̀ lójú títì wa. Bí tiyín bá ń kú lójijì lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo tó tún ń sitáátì nígbà tó bá tutù, ẹ wo nọ́ńbà àti VIN inú brain box kí ẹ tó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo.

Calibration ID jẹ́ orúkọ sọ́fúwià. CVN tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí brain box fúnra rẹ̀ ṣírò láti inú sọ́fúwià náà. Bí mọ́tò méjì bá ní Calibration ID kan náà ṣùgbọ́n tí CVN wọn yàtọ̀, ẹnìkan ti tọwọ́ bọ sọ́fúwià ọ̀kan nínú wọn, tàbí kó ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀.

Coding wọ́pọ̀ lára mọ́tò Jámánì. Ó ń sọ fún brain box irú ohun tó wà lára mọ́tò yìí gan-an. Ẹ dà á kọ kí wọ́n tó yọ brain box kankan, torí èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ á nílò rẹ̀, ti àtijọ́ sì lè má lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà náà.

Èyí tí kò dáhùn

Nínú àtòkọ, ẹ lè rí brain box tí wọ́n kọ "No response" sí. Ó lè jẹ́ pé mọ́tò yín kò ní in rárá. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tí àwọn yòókù ń fi kóòdù U fẹ̀sùn kàn án, ó wà níbẹ̀, kò kàn lè sọ̀rọ̀ ni. U0100 ni ìgbà tí àwọn yòókù kò gbúròó ti ẹ́ńjìnnì mọ́, U0121 ti ABS. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń ròyìn: bí U0121 bá wà nínú brain box ẹ́ńjìnnì, ọ̀dọ̀ ABS lẹ máa lọ wò.

Fíúùsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà áàsì rẹ̀, lẹ́yìn náà wáyà CAN. Ẹ yọ ọwọ́ bátìrì, ẹ fi mítà wọn óòmù láàárín ihò 6 àti 14. Nǹkan bí 60 ló yẹ kó hàn, torí óòmù 120 méjì ló wà ní òpin wáyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ 120, ẹ̀gbẹ́ kan ti já. Bó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn. Mọ́tò tó ní gateway, brain box tó dúró láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí àti àwọn yòókù, lè má fi 60 hàn níbí, nítorí náà ẹ wo àwòrán wáyà tirẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Omi náà ń pa wọ́n. Nínú Passat B5, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni brain box ilẹ̀kùn àti ti gíà wà. Ewé máńgòrò á dí ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ bátìrì, òjò á kún ibẹ̀, á wọ inú mọ́tò, gíláàsì á máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ewé yẹn kúrò.

Bí ó bá jẹ́ airbag ni kò dáhùn, ẹ má fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì wà lórí. Ẹ yọ ọwọ́ nẹ́gátíìfù; Toyota ní ó kéré tán kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀

Ẹ wá ìlà méjì nínú brain box ẹ́ńjìnnì: "Distance since codes cleared" àti "Warm-ups since codes cleared". Èyí àkọ́kọ́ ń sọ iye kìlómítà tí wọ́n ti wà á látìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ̀, èkejì iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná látìgbà náà. Bí ẹni tó ń ta á bá ní òun wà á láti Èkó dé Ìlọrin láìsí iná kankan, tí síkánà sì kọ kìlómítà 6, òwúrọ̀ yìí ni wọ́n pa nǹkan kan mọ́lẹ̀. Yíyọ bátìrì náà lè sọ ọ́ di òdo, nítorí náà ẹ bi í kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ẹ tún wo "Readiness". Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ "not complete", brain box kò tíì parí àyẹ̀wò tó ń ṣe fúnra rẹ̀, àìsí kóòdù kò sì tíì túmọ̀ sí àlàáfíà. Wíwà á nínú ìlú nìkan kò tó. Ó nílò kí ẹ sitáátì rẹ̀ nígbà tó tutù pátápátá, kí ẹ wà á dé Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán lórí eré tó dúró sójú kan, kí tánkì má kún, kí ó má sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí mọ́tò tó ń tà á jẹ́ kí ẹ ṣe èyí. Ohun tó sábà ń jáde lẹ́yìn ìrìn náà ni P0420, torí katalísìtì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, tí wọ́n ti gé tà.

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, kíka ni. Kò lè ba nǹkan jẹ́. Kíkọ yàtọ̀: "Programming", "Flash", "Coding", "VIN Write", fífi kọ́kọ́rọ́ mọ immobilizer, ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀. Brain box Belgium tó jẹ́ ti mọ́tò tó ní immobilizer lè jẹ́ kí mọ́tò sitáátì kó sì kú lójú ẹsẹ̀, tàbí kó má sitáátì rárá, títí wọ́n á fi so ó pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ yín, iṣẹ́ yẹn sì nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí iná bá já nígbà tí wọ́n ń kọ sọ́fúwià sínú rẹ̀, ó lè má jí mọ́. Bí réwáyà tó fẹ́ ṣe é fún yín kò bá ní ẹ̀rọ tó ń mú fóltì bátìrì dúró sójú kan, tó ní bátìrì mọ́tò mìíràn lòun máa fi jọ́ọ̀mù ú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.